Irin tó ń sán kó tó tutù: báwo ni wọ́n ṣe ń dán irin tí piríńtà ṣe wò?

Ní oṣù Keje ọdún 2023, ilé-iṣẹ́ RTX, tó ni ilé-iṣẹ́ aṣe-ẹ́ńjìnì-bàálù Pratt & Whitney, kéde pé ìdọ̀tí tí ojú lásán kò lè rí wà nínú ìyẹ̀fun irin tí wọ́n fi ṣe àwọn àwo kan nínú ẹ́ńjìnì bàálù Airbus A320neo. Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà fi di iṣu ata yán-an yàn-an lórí ayélujára. Àwọn kan ní piríńtà 3D, ẹ̀rọ tó ń to nǹkan ní ìpele ìpele títí á fi di odidi, ni wọ́n fi tẹ ẹ́ńjìnì náà, ohun tó sì ń fà á nìyẹn. Àwọn mìíràn ń béèrè pé ta ló máa wọ bàálù tí wọ́n fi ìyẹ̀fun ṣe.

Ọ̀rọ̀ méjì ló wọnú ara wọn níbẹ̀. Àwọn àwo tí Pratt & Whitney ń sọ yẹn, ìyẹ̀fun irin ni wọ́n kó jọ, tí wọ́n fi ooru àti agbára kì mọ́ra títí ó fi di odidi, kí wọ́n tó wá rọ ọ́. Piríńtà kankan kò dé ìdí rẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó béèrè kò jẹ̀bi. Ẹ́ńjìnì tí piríńtà ṣe apá kan lára rẹ̀ ń fò lójú ọ̀run lónìí, irin tó bá sì ti inú piríńtà jáde máa ń sán lóòótọ́ bí wọn ò bá ṣọ́ ọ. Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀?

Kí n sọ ohun tí mo rò pé ó wà nídìí gbogbo rẹ̀ kí a tó lọ jìnnà. Ilé-iṣẹ́ tó ń gé irin máa ń ra irin tí wọ́n ti dán wò, tó ní ìwé ẹ̀rí, kó tó fi ṣe ohunkóhun. Nínú piríńtà, ọjọ́ kan náà ni wọ́n bí irin náà àti ohun tí wọ́n fi ṣe. Ìwé ẹ̀rí tó bá ìyẹ̀fun wá kò lè sọ bí irin náà ṣe máa rí lẹ́yìn tó bá yọ́ tó sì tún dì. Ẹni tó bá dúró di ìgbà tí ohun náà tutù tán kó tó bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò ti pẹ́ dé.

## Kí ni piríńtà ń wá nídìí irin?

Ẹ̀rọ tó wọ́pọ̀ jù jẹ́ àpótí ńlá tí wọ́n ti lé atẹ́gùn inú rẹ̀ jáde, tí wọ́n fi gáàsì ágọ́ọ̀nù kún un, kí atẹ́gùn má bàa ba irin gbígbóná jẹ́. Pèpéle irin kan wà nísàlẹ̀. Abẹ kan á fa ìyẹ̀fun irin tẹ́ sórí pèpéle náà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, nǹkan bíi 0.03 sí 0.06 mìlímítà. Lésà á wá sáré kọjá lórí rẹ̀. Ibi tó bá kàn á yọ́, á sì dì. Ibi tí kò bá kàn á wà ní ìyẹ̀fun bó ṣe wà. Pèpéle á rẹlẹ̀ díẹ̀, abẹ á tún tẹ́ ìyẹ̀fun mìíràn, lésà á tún kọjá. Ohun tó ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà péré, bí ìpele kọ̀ọ̀kan bá jẹ́ 0.04 mìlímítà, 1,500 ìpele ni.

Ojú lésà náà fẹ̀ tó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà, ó sì lè rin mítà kan láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ajórin tó bá ń ka èyí á ti máa sọ pé iṣẹ́ òun rèé. Kò parọ́. Irin jíjó ni, àfi pé ojú ibi tí wọ́n jó kéré gan-an, ó sì pọ̀ ju ohun tí èèyàn lè kà lọ.

Kí ló dé tí wọ́n ń dààmú ara wọn? Ẹ wo ẹ́ńjìnì LEAP tí GE àti Safran jọ ń ṣe. Ẹnu tó ń fọ́n epo sínú iná nínú ẹ́ńjìnì yẹn, ègé 20 ni wọn ì bá jó pọ̀ láti fi ṣe ẹyọ kan. Piríńtà ń ṣe é ní ègé kan ṣoṣo, ó sì fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún fúyẹ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ìlú Auburn ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́, nígbà tó sì fi máa di oṣù Kẹwàá ọdún 2018, wọ́n ti ṣe 30,000. Ohun tó ń lọ síbi iná nínú ẹ́ńjìnì bàálù kò gbọ́dọ̀ ní ojú tó sán.

## Kí ló ń mú un sán?

Oríṣi méjì ló ṣe pàtàkì, ohun tó sì ń fa ọ̀kan yàtọ̀ sí ohun tó ń fa èkejì.

Àkọ́kọ́ ni èyí tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí irin ò tíì dì tán. Alumíníọ̀mù pọ́ńbélé máa ń dì ní 660 dígíríì, ó parí. Ṣùgbọ́n alumíníọ̀mù pọ́ńbélé rọ̀ jù fún bàálù, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń da nǹkan mọ́ ọn. Àdàlù kan tí wọ́n ń pè ní 7075 ní síńkì, magnesium àti bàbà nínú. Ilé-iṣẹ́ Alcoa gbé e jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1943, ó sì ti wà lára bàálù láti ìgbà náà. Ó lágbára, ó fúyẹ́, gbogbo ayé ló fẹ́ fi piríńtà tẹ̀ ẹ́. Ìyọnu rẹ̀ ni pé ó máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í dì ní nǹkan bí 635 dígíríì, kì í sì í dì tán títí yóò fi lọ sílẹ̀ dé nǹkan bí 477.

Láàárín nǹkan bí 160 dígíríì yẹn, irin náà kò le, bẹ́ẹ̀ ni kò ṣàn dáadáa. Hóró irin, ìyẹn àwọn ègé tíntìntín tí irin ń dì sí, á máa hù láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, gbọọrọ gbọọrọ, wọ́n á tò sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Irin tó ṣì yọ́ á ṣẹ́kù sí àárín wọn, tín-ínrín. Bẹ́ẹ̀ irin máa ń súnkì bó bá ń dì; alumíníọ̀mù máa ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún àyè tó ń gbà. Bí àwọn hóró náà ṣe ń súnkì ni wọ́n ń jìnnà síra. Irin yíyọ́ tó yẹ kó ṣàn wọlé wá dí àlàfo náà kò rọ́nà gbà, nítorí ọ̀nà ti há jù. Àlàfo yẹn á wà níbẹ̀ títí irin á fi dì pa. Òun ni ojú tó sán. Kò sẹ́ni tó fi nǹkan lù ú, kò sẹ́ni tó gbé ẹrù lé e.

Oríṣi kejì ń dúró de ìgbà tí irin bá ti dì. Àwọn baba wa tó ń mọ ilé alámọ̀ kì í mọ ògiri parí lọ́jọ́ kan. Wọ́n á mọ ìpele kan, wọ́n á fi sílẹ̀ kó gbẹ díẹ̀, kí wọ́n tó gbé òmíràn lé e. Ìpele tútù tó wà lókè fẹ́ súnkì bó ṣe ń gbẹ, èyí tó ti gbẹ nísàlẹ̀ sì dì í mú, kò jẹ́. Bí ìyàtọ̀ àárín tútù àti gbígbẹ bá pọ̀ jù, ògiri á lanu. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni irin inú piríńtà, àfi pé ooru ló wà nípò omi. Ìpele tuntun fẹ́ súnkì bó ṣe ń tutù, èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ kò gbà. Agbára fífà yẹn á há sínú irin, á máa pọ̀ sí i ní ìpele dé ìpele, títí ohun náà á fi tẹ̀, tàbí kó ṣí kúrò lórí pèpéle, tàbí kó sán pẹ̀lú ariwo tí ẹni tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ lè gbọ́.

Àwọn àdàlù níkẹ́ẹ̀lì kan tún wà tó máa jáde láyọ̀ nínú piríńtà, tó wá máa sán nínú ààrò nígbà tí wọ́n bá tún ń fún un lóoru kó lè lágbára. Mi ò ní dúró lórí ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn pé jíjáde láyọ̀ nínú piríńtà kò tíì jẹ́ òpin ọ̀rọ̀.

## Ṣé ẹ̀rọ ló burú ni?

Rárá. Ẹ̀rọ kan náà tó tẹ 7075 tó sán wẹ́lẹwẹ̀lẹ lè tẹ àdàlù alumíníọ̀mù mìíràn, AlSi10Mg, láìsí ìyọnu. Èyí ní sílíkọ́ọ̀nù tó nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kò sì lò ju nǹkan bí 40 dígíríì lọ láti ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì títí tó fi dì tán. Àkókò tó fi wà láàárín méjì kúrú. Bí èèyàn bá fẹ́ yí agbára lésà tàbí eré rẹ̀ padà, ó lè dín sísán 7075 kù, àmọ́ n kò rò pé ó yẹ kí ẹnikẹ́ni gbẹ́kẹ̀ lé ìyẹn nìkan. Ohun tó wà nínú irin náà ló ń jà.

Oríṣi kejì ló ń gbọ́ràn sí ẹ̀rọ lẹ́nu. Ajórin tó mọṣẹ́ kì í déédéé gbé iná lé búlọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì àtijọ́. Á kọ́kọ́ yá a lára, á jó díẹ̀, á dúró, á tún jó díẹ̀, bó bá sì parí, á fi iyanrìn tàbí eérú bò ó kó lè rọra tutù. Piríńtà náà ní irú ọgbọ́n yẹn. Àwọn kan ń mú pèpéle gbóná dé 200 dígíríì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ní Cameri, lórílẹ̀-èdè Ítálì, ilé-iṣẹ́ Avio Aero ń fi irú ẹ̀rọ mìíràn, tó ń lo ìtànṣán elẹ́kítírọ́ọ̀nù dípò lésà, tẹ abẹ́bẹ́ ẹ́ńjìnì GE9X láti inú àdàlù titanium àti alumíníọ̀mù. Irin yẹn máa ń fọ́ bó bá tutù lójijì, ìyẹn ni wọ́n ṣe ń jẹ́ kí inú ẹ̀rọ náà gbóná tó nǹkan bí 1,000 dígíríì títí iṣẹ́ fi parí.

## Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ irin tó máa sán kí wọ́n tó fi ṣe nǹkan?

Ìdánwò àwọn ajórin ni wọ́n kọ́kọ́ yá lò. Láti ọdún 1955 ni wọ́n ti ń lo ọ̀kan tó rí bí egungun ẹja. Wọ́n á mú irin pẹlẹbẹ, wọ́n á gé ojú tín-ínrín tín-ínrín sí i lápá ọ̀tún àti lápá òsì, àkọ́kọ́ á kúrú, èyí tó tẹ̀ lé e á gùn jù ú lọ, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí dé ìpẹ̀kun. Wọ́n á wá jó o láti etí kan, gba ọ̀pá ẹ̀yìn ẹja náà lọ. Ní ìbẹ̀rẹ̀, irin tó yí i ká le, kò gbà kó súnkì, ó á sán. Bó ṣe ń lọ, àwọn ojú tí wọ́n gé ń gùn sí i, irin ẹ̀gbẹ́ ń gbọ̀jẹ̀gẹ́, ìfà á rọlẹ̀, sísán á sì dúró níbì kan. Rúlà ni wọ́n á fi wọn ibi tó dúró sí. Irin tó sán jìnnà burú ju èyí tó sán díẹ̀ lọ. Mo fẹ́ràn ìdánwò yìí nítorí pé kò ní ẹ̀tàn nínú.

Èkejì jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga Rensselaer ní ìpínlẹ̀ New York ní ọdún 1965. Wọ́n á máa jó irin lọ, lójijì wọ́n á tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ lórí nǹkan tó tẹ̀ kọdọrọ, nígbà tí ojú ibi tí wọ́n ń jó ṣì pupa. Bí wọ́n bá fẹ́ kí ìfà náà pọ̀ sí i, wọ́n á lo èyí tó tẹ̀ jù. Ibi tí sísán bá ti bẹ̀rẹ̀ ni agbára irin náà mọ. Ẹ kíyè sí i pé àwọn méjèèjì ń bi irin náà léèrè lákòókò tó ń dì gan-an.

Fún piríńtà, iṣẹ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ látorí ìlà ẹyọ kan. Wọ́n á mú irin náà pẹlẹbẹ, láìsí ìyẹ̀fun, lésà á fa ìlà gba orí rẹ̀ kọjá pẹ̀lú oríṣiríṣi eré àti agbára. Bí ìlà bá yege, wọ́n á tẹ kúbù kéékèèké, sẹ̀ǹtímítà kan níbùú lóròó. Kúbù yìí ni wọ́n á gé sí méjì, tí wọ́n á fi ike dídì yí ká kó lè ṣeé dì mú, tí wọ́n á wá máa fi sáńpépà fá. Èyí tí kò kúná ni wọ́n á kọ́kọ́ lò, lẹ́yìn náà èyí tó kúná, lẹ́yìn náà èyí tó kúná jùyẹn lọ, títí wọn á fi dé orí aṣọ tó ní lẹ́búlẹ́bú dáyámọ́ńdì, tí ojú irin náà á sì máa dán gbinrin. Lẹ́yìn náà ni maikirosíkóòpù.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Alumíníọ̀mù rọ̀. Bí wọ́n bá fi ìkánjú fá a, irin tó wà létí ojú tó sán á tẹ̀, á sì bo ojú náà mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń wo maikirosíkóòpù á rí irin tó mọ́ tónítóní, á sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sán. Ìyẹn ni wọ́n ṣe máa ń fi ásíìdì kàn án díẹ̀, kí ìbòjú náà lè ṣí, kí ààlà àárín hóró sì lè hàn. Wọ́n tún máa ń gé e ní òró àti ní ìbú, nítorí sísán sábà máa ń tẹ̀ lé ọ̀nà tí hóró gbà hù lọ sókè. Wọ́n á wá ka gígùn gbogbo ojú tó sán, wọ́n á pín in fún ìwọ̀n àyè tí wọ́n wò. Nọ́ńbà yẹn ni wọ́n fi ń sọ pé àdàlù yìí sàn ju tọ̀hún lọ.

## Ṣé X-ray kò ní rí i ni?

Ohun tí àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ sọ nìyí, ó sì yéni. Ilé-iṣẹ́ ní CT scan tiwọn, tó lágbára ju ti ilé ìwòsàn lọ. Ó dára púpọ̀ fún ihò tí gáàsì dá sínú irin, nítorí ihò yẹn rí róbótó. Ojú tó sán fẹ̀ lápá kan, ó tín-ínrín lápá kejì, tín-ínrín yẹn ló ń gbà bọ́. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀: bí ohun tí wọ́n ń yà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá, tí àwòrán náà sì ní 2,000 ojú kéékèèké láti etí dé etí, ojú kọ̀ọ̀kan jẹ́ 0.05 mìlímítà. Ibi tó sán nígbà tí irin ń dì lè má fẹ̀ tó ìdá mẹ́wàá ìyẹn. Ó wà níbẹ̀, àwòrán ò sì mú un. Níkẹ́ẹ̀lì àti àwọn irin wíwúwo tún máa ń gbé X-ray mì.

Epo aláwọ̀ tí wọ́n máa ń fi pa irin lára, tó máa ń wọnú ibi tó sán, wúlò gan-an lára irin tí wọ́n ti dán. Ara ohun tí piríńtà tẹ̀ kò dán, ìyẹ̀fun tó yọ́ díẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn káàkiri, epo á sì dúró síbi gbogbo. Ìró tí etí kò gbọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń ya oyún, kò fẹ́ràn ara tí kò dán àti kọ̀rọ̀ tó lọ́ mọ́ra, bẹ́ẹ̀ ohun tó lọ́ mọ́ra gan-an ló ń mú èèyàn lo piríńtà.

## Ṣé wọn ò lè máa wò ó bó ṣe ń sán?

Wọ́n ń wò ó. Ní ilé ìwádìí Argonne, nítòsí Chicago ní Amẹ́ríkà, àti ní ilé ìwádìí Diamond Light Source ní Oxfordshire, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ̀rọ ńláńlá wà tó ń tan X-ray tó lágbára gidi. Wọ́n á fi ègé irin tín-ínrín síwájú rẹ̀, lésà á máa yọ́ ọ láti òkè, kámẹ́rà á sì máa ya ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwòrán láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti rí bí ihò ṣe ń dá sábẹ́ lésà tó lágbára jù.

Ní ọdún 2020, àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí Lawrence Livermore ní California fi kámẹ́rà oníṣísẹ̀ kíákíá wo tungsten, irin tó jẹ́ pé 3,422 dígíríì ló fi ń yọ́, tó sì máa ń fọ́ bí wọ́n bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ kọdọrọ nígbà tó bá tutù. Wọ́n rí i pé sísán rẹ̀ ń wáyé lẹ́yìn tí lésà ti kọjá, bí irin náà ṣe ń tutù kúrò níbi tó ti rọ̀ bọ́ síbi tó ti ń fọ́. Ìyẹn tọ́ka sí ibi tí wọ́n á ti wá àtúnṣe: ooru tó yí i ká.

Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kò lè wọ ilé-iṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni kámẹ́rà tó ń ya ìpele kọ̀ọ̀kan, ohun tó ń wọn ìmọ́lẹ̀ ibi tó ń yọ́, àti gbohùngbohùn tí wọ́n so mọ́ pèpéle. Gbohùngbohùn yẹn máa ń gbọ́ oríṣi kejì, èyí tó ń dún. Ti àkọ́kọ́, tó ń ya jẹ́jẹ́ nínú irin tó ṣì rọ̀, kò rọrùn láti yà á sọ́tọ̀ láàárín ariwo ẹ̀rọ.

## Bó bá ti sán, ṣé ó ṣeé wò sàn?

Nígbà mìíràn. Ààrò kan wà tí wọ́n máa ń kó irin sí, tí wọ́n á kún fún gáàsì ágọ́ọ̀nù, tí wọ́n á sì fún un lágbára tó ìlọ́po ẹgbẹ̀rún kan ti afẹ́fẹ́ tó yí wa ká, pẹ̀lú ooru tó fẹ́rẹ̀ẹ́ mú irin rọ̀. Fún titanium, ó ń lọ sí nǹkan bí 920 dígíríì. Àlàfo inú irin á tẹ̀ pọ̀, á sì lẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ojú tó sán bá yọ sí ìta, gáàsì á wọ inú rẹ̀ lọ, á máa tì í láti inú bó ṣe ń tì í láti òde, kò sì ní pa dé. Èyí tó burú jù, tí yóò kọ́kọ́ ya nígbà tí ẹrù bá dé, ni ààrò náà kò lè ràn lọ́wọ́.

Àbáyọ tó wú mi lórí jù ni ti HRL Laboratories ní Malibu, California, tí Boeing àti General Motors jọ ni. Ní ọdún 2017 ni wọ́n tẹ ìwé jáde pé àwọn ti tẹ 7075 láìsán. Wọ́n lẹ lẹ́búlẹ́bú irin kan tó ń jẹ́ zirconium mọ́ ara ìyẹ̀fun náà. Bí lésà bá yọ́ ọ, zirconium á bá alumíníọ̀mù para pọ̀, á di ọ̀pọ̀lọpọ̀ ibi tí hóró tuntun ti lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Hóró gbọọrọ á di hóró kéékèèké róbótó, tí wọ́n lè yí díẹ̀ bí irin bá ń súnkì, tí irin yíyọ́ sì rọ́nà gbà láàárín wọn. Ní ọdún 2019, wọ́n fi orúkọ àdàlù náà sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ alumíníọ̀mù Amẹ́ríkà.

## Ta ló ń sọ pé ó ti tó?

Fún bàálù, àwọn aláṣẹ ọkọ̀ òfuurufú bíi FAA ní Amẹ́ríkà ni. Fún ohun tó ń lọ sí òfuurufú jíjìn, NASA gbé ìlànà kan jáde ní ọdún 2021 tí wọ́n ń pè ní NASA-STD-6030. Ìlànà yẹn gbà pé àyẹ̀wò ohun tó ti tutù kò tó. Ó ní kí wọ́n tẹ ọ̀pá ẹlẹ́rìí sórí pèpéle kan náà pẹ̀lú ohun tí wọ́n fẹ́ lò, kí ìyẹ̀fun kan náà àti lésà kan náà ṣe wọ́n, kí wọ́n sì fà wọ́n títí wọ́n á fi já. Bí ọ̀pá bá já kí ìfà náà tó dé ibi tó yẹ, ohun tó bá a jáde wà lábẹ́ ìfura, bó ti wù kó dán tó.

Wọ́n tún so ìfọwọ́sí mọ́ ẹ̀rọ náà gan-an, ìyẹ̀fun tí wọ́n ń lò nínú rẹ̀, àti ètò tí lésà rẹ̀ ń tẹ̀ lé. Bí ilé-iṣẹ́ bá yí ọ̀kan nínú wọn padà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ ìdánwò. Ẹ̀rọ kejì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà lọ́wọ́ ẹni kan náà, ní láti yege fúnra rẹ̀ kó tó lè tẹ ohun kan náà.